Búútà Málàmù

Ní Kubwa, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń dín kóòsé,
ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin èmi àti Málàmù Tasíù.
Bó bá húkọ́ lóru, mo máa ń gbọ́.
Bí mo bá ń fi ayùn rẹ́ pákó, òun náà á gbọ́,
kì í sì í bínú, àfi tí mo bá rẹ́ ẹ lásìkò ìrun.

Mo ní ajá kan. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀.
Níbi tí wọ́n bí mi sí, orúkọ ajá la fi ń pòwe,
kí aládùúgbò lè gbọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n Málàmù kò gbọ́ Yorùbá.
Ajá lásán ni lójú tirẹ̀,
itọ́ ajá kò sì gbọdọ̀ kan omi àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ti là,
Tanímọ̀la já okùn,
ó lọ ti ẹnu bọ búútà tó wà lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń lá omi bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè.

Málàmù kò pariwo.
Ká ní ó pariwo ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.
Ó fi yẹ̀pẹ̀ fọ búútà náà,
ó fi omi ṣàn án, ó tún ṣàn án, mò ń kà á nínú mi,
títí ó fi pé méje,
omi tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ máírúwà!

Inú bí mi. Kí n má purọ́.
Ajá tí mò ń fi ọṣẹ wẹ̀ ní gbogbo Sátidé?
Mo fẹ́ lọ ṣàlàyé fún un.
Mo ti to àlàyé náà jọ bí ẹni to pákó,
mo ti fá a, mo ti dán an.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Zhokwo fi kọjá,
obìnrin Gbàgyí tó ń ta igi ìdáná,
ẹrù rẹ̀ lórí èjìká, kò kan orí.
Lọ́dún tí mo dé ìlú yìí, mo bi í pé
kí ló dé tí kò fi orí rù ú bíi tiwa.
Ó ní ọba ni orí. Ta ló ń di igi lé ọba?
Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà,
èmi ọmọ ìyá tó ń fọwọ́ kan orí láàárọ̀,
tó ń bẹ orí pé kó má ṣe já òun kulẹ̀,
tó sì tún gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu ka orí kan náà.

Mo dá àlàyé mi padà sínú àpótí irinṣẹ́.
Mo ra búútà tuntun, aláwọ̀ ewé.
Mo kan ilẹ̀kùn kékeré sẹ́nu ọ̀nà mi, tí ajá kò lè fò.
"Na gode, káfíńtà," ni Málàmù wí.
Kò sọ pé ajá dára. N kò sì bi í.

Lọ́dún kẹta, mọ́tò gba Tanímọ̀la ní títì.
Ilẹ̀ ibí yìí, òkúta ni. Ọkọ́ mi ṣẹ́.
Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Málàmù ló dúró lọ́ọ̀ọ́kán,
ó na dígà sí mi,
ọwọ́ kan sì di etí jalabíà rẹ̀ mú kó má bàa wọ́lẹ̀.
Kò sún mọ́ òkú ajá náà.
Kò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi bò ó tán.
Ó wá béèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.
Mo fi Haúsá mi tó ń tiro sọ ọ́: ta ló mọ ọ̀la?
Ó rò pé òun ni mò ń bi.
"Sai Allah," ló fi dá mi lóhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ìró omi lẹ́yìn ògiri.
Ó ń fọ dígà.
Mo kà á dé mẹ́rin,
oorun gbé mi lọ.